Màmá Ológe àti Àǹkó Ìyá Onílé

Àwọn tó ń sọ káàkiri pé Màmá Ológe ti fi owó ilé mẹ́ta ra aṣọ, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ilé méjì ni. Èmi àti Bàbá Télọ̀ la jókòó ṣírò rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, a tilẹ̀ yọ owó gèlè kúrò, torí gèlè kì í ṣe aṣọ, dandan ni. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó mú bírò àti ìwé wá.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o. Èmi kì í ṣòfófó. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ là ń gbé l'Òkè-Àdó n'Ìbàdàn níhìn-ín. Yàrá Màmá ló kángun sí ẹ̀rọ omi, tèmi ló tẹ̀ lé e. Bí mo bá wá ń pọnmi, tí ẹnìkan dúró níwájú dígí tó ń gbé aṣọ wọ̀ wò, tó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ṣé kí n fọ́ ojú ara mi ni?

Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe jẹun, agbẹ̀bí paraku. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀gá kiri ìgboro Ìbàdàn lónìí, ọwọ́ Màmá ló kọ́kọ́ gbá wọn nídìí kí wọ́n tó ké. Ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà á wọlé láti kọ́ṣẹ́, wọ́n kó aṣọ funfun fún un, fìlà funfun, bàtà funfun. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gbogbo wọn rí bákan náà, mátírọ́ọ̀nù kàn ń pariwo “Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!” bó ṣe ń kọjá, kò bìkítà ta ni ta ni. Màmá sọ fún mi pé, “Ìyá Ìbejì, ọjọ́ yẹn ni mo pinnu. Tí mo bá ti bọ́ aṣọ ìjọba yìí sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa ṣì mí mú fún ẹlòmíràn mọ́ láyé mi.”

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Àwọn kan ń ṣe fáàrí torí ọkọ, àwọn kan torí orogún, àwọn kan torí kí ẹni tó jẹ wọ́n lówó lè rí i pé wọn ò kú. Ti Màmá, torí mátírọ́ọ̀nù ni.

Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba òmìnira. Obìnrin kan wà l'Ékòó tí wọ́n ń pè ní Shade Thomas, òun ló di Shade Thomas-Fahm nígbà tó lọ́kọ. Ní 1953 ló lọ sí ìlú Ọba láti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́ ṣá: nọ́ọ̀sì! Ó débẹ̀ tán, ó yà bàrá, ó gba ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's lọ, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ó padà wálé ní 1960, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà náà, gáàǹù òyìnbó làwọn ìyàwó ọ̀gá fi ń yangàn. Ẹni bá wọ àdìrẹ lọ sí àpèjẹ ńlá, wọ́n á ní ará oko dé. Obìnrin yìí kó àdìrẹ, ó kó òfì, ó gé wọn, ó rán wọn, ó gbé wọn kọ́ sójú táyé, ó sì bu owó lé wọn. Ó fi síìpù sí ìró. Ó wé gèlè kalẹ̀ kó o kàn gbé e dé. Ó gba agbádá lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, ó fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ dárà sí i, ó fún àwa obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ síìpù yẹn, torí ìró tó ń tú lóde ti ba ayé àwọn kan jẹ́. Àbúrò Ìyá Onílé wa, èmi ò dárúkọ, ó ń jó níwájú onílù níjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ìró ní òun ò bá a lọ mọ́. Onílù kò dá ìlù dúró. Tóò, ká máa lọ.

Màmá gba ìsinmi, ó lóun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun l'Ékòó. Ẹ̀gbọ́n wo? Ṣọ́ọ̀bù Shade ní hòtẹ́ẹ̀lì Federal Palace ló lọ. Kò lówó tó lè ra bọ́tìnnì níbẹ̀. Ó dúró, ó fi ojú wọn ìró onísíìpù kan látòkè délẹ̀, ó wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn, ó sì jókòó rán tirẹ̀. Àmọ́ ó gbé síìpù tirẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó to bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé aṣọ Shade ló wọ̀. Ẹ rí i, ó fẹ́ràn ọgbọ́n obìnrin náà dénú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ jọ ọ́. Ìwà rẹ̀ nìyẹn dòní.

Ẹ̀hẹ́n, ilé méjì. Ilé àkọ́kọ́, owó Udoji ló gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dáyé, ní 1975 ni ìjọba fi owó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, wọ́n sì san èyí tó ti ń wọ́lẹ̀ bọ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra rédíò tó tóbi ju tábìlì wọn lọ, àwọn kan fẹ́yàwó. Bàbá, ọkọ Màmá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ti rí ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà. Ó ní kí Màmá mú tirẹ̀ wá káwọn dà á pọ̀. Màmá ní òun ń bọ̀. Ọjà Gbági ló lọ. Léèsì ló gbé dé.

Léèsì ìgbà yẹn kì í ṣe eré o. Ìlú Austríà ni wọ́n ti ń ṣe é, lágbègbè Vorarlberg, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lustenau. Òyìnbó tó ń ṣe é kì í wọ̀ ọ́. Fún àwa ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn oníṣòwò wa á sọ fún wọn pé, “Ẹ jẹ́ kí òdòdó yìí tóbi sí i, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ yìí pọ́n sí i,” òyìnbó á sì yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Owó epo ń ya wọ ìlú bí àgbàrá òjò nígbà náà, léèsì sì ń gbówó lérí lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní wọ́nyọ̀sí, oníhò káàkiri, owó rẹ̀ ń jáni láyà débi pé Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ rẹ̀ pe eré orí ìtàgé kan ní 1977, ó fi ń bẹnu àtẹ́ lu àwọn olówó òjijì àti àwọn ológun. Ìjọba ológun náà tún wá fòfin de kíkó léèsì wọlé. Ẹ kúkú mọ ìlú wa: nǹkan tí wọ́n bá fòfin dè lónìí, òun la ó wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó lọ́la.

Bàbá bínú, kò jẹun Màmá. Ó ń lọ jẹ ẹ̀bà níta, ó ń ra ẹja tútù, ó ń jẹgbèsè. Màmá kò bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá a jà. Ó mú léèsì lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ó ní kó fi aṣọ pupa rúsúrúsú tẹ́ inú rẹ̀, kí ihò kọ̀ọ̀kan máa yọjú. Èyí tó ṣẹ́ kù, ó ní kí wọ́n dá agbádá fún Bàbá. Sátidé dé, wọ́n jọ jáde. Wọ́n ní bí Bàbá ṣe wọlé òde náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde dúró, àyànlù sáré wá, ẹni tó ti ń ṣépè fún aya rẹ̀ látìgbà yìí wá ń gbé èjìká agbádá sókè, ó ń jẹ́ kó wálẹ̀, ó ń tún un gbé sókè. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jẹ iyán Màmá tán, ó lá abọ́. Ilẹ̀ Mọ́níyà? Ẹlòmíràn ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀.

Bí mo bá wá bi Màmá pé ṣé kò dùn ún, á ní, “Ilẹ̀ wà ní Mọ́níyà di báyìí, kò lọ síbì kan. Ojú tí Bàbá fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, níbo ni wọ́n ti ń tà á?” Èmi ò lésì. Ẹ̀yin ń kọ́?

Bí ẹ bá ń bi mí pé níbo ló ti rí irú orí líle bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ni kí ẹ lọ bi. Aláró nìyá rẹ̀, l'Ábẹ́òkúta, ní Ìtòkú. Ó wà lára àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nígbà tí wọ́n gbógun ti owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi gbé orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ìyáàfin Kútì yìí, tíṣà tó kàwé dé ìlú Ọba, ó ti pa gáàǹù òyìnbó tì láàárín ìjà náà, ìró àti bùbá ló kù tó ń wọ̀, kó má baà sí ìyàtọ̀ láàárín òun àtàwọn ìyá ọlọ́jà. Ọmọdé ni Màmá, àmọ́ ó gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń sọ ọ́ nídìí ìkòkò aró. Ó ní òun rí i láti ìgbà náà pé èèyàn lè fi aṣọ sọ̀rọ̀ kí ọba gbọ́.

Ohun tí ìyá yìí fi sílẹ̀ fún un ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Mo ti fọwọ́ kàn án rí o. Ẹ mọ Gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè? Òpó rẹ̀ ló wà lára aṣọ náà, wọ́n tò wọ́n, wọ́n fi ṣíbí sáàárín wọn. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní lè wọ̀ ọ́. Bí o bá gbé e sún mọ́ ojú, wàá rí ibi tí ọwọ́ ìyá náà ti gbọ̀n, òpó kan tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá ní òun fẹ́ràn òpó tó tẹ̀ yẹn ju gbogbo èyí tó dúró ṣánṣán.

Ilé kejì wá ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ mọ̀ pé nígbà náà, wọ́n máa ń san owó gọbọi kan fún òṣìṣẹ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Màmá wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, ó lọ jókòó ti àwọn ahunṣọ, ó ní òun fẹ́ ẹtù, òun fẹ́ àlàárì, òun sì fẹ́ sányán gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi òwú olówó pọ́ọ́kú ṣe. Sányán gidi, inú igbó ni wọ́n ti ń ṣa ìtẹ́ kòkòrò tí wọ́n fi ń ran òwú rẹ̀, torí náà kò pọ̀, kò sì rọrùn láti rí. Ó wúwo lọ́wọ́, kò bẹ̀rù òjò, àwọ̀ rẹ̀ ò ní kẹ́ ẹ wò mí, síbẹ̀ òun náà lẹ máa wò. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bínú, ó pè, ó ní, “Mọ́mì, ẹ fi owó àgbà ra aṣọ?” Màmá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà ló máa wọ̀ ọ́.” Ó pa fóònù.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá dá Màmá láre. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ọmọ náà wálé, ó gbé fóònù jáde, ó ní, “Màmá àgbà, ẹ wo òfì yín ní Paris.” Gbogbo wa la sáré jáde, ìrẹsì mi ń jó, n ò mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Kenneth Ize ló gbé òfì lọ síbi àfihàn aṣọ níbẹ̀. Èèyàn ló ń rìn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan; nígbà tó yá ni Naomi Campbell, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká afaṣọhàn, fúnra rẹ̀ jáde, ó ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé ń pariwo Naomi, Naomi. Màmá ní kí wọ́n dá àwòrán náà dúró. Ó ní, “Ta ló hun ún?” Wọ́n ní àwọn ahunṣọ Ìlọrin ni. Ó mi orí. Wọ́n tún ní ọ̀gbẹ́ni Ize yìí, ní Austríà ló dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà pa Màmá lẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ta léèsì wọn fún wa títí, ọmọ tí wọ́n bá wa wò dàgbà wá padà wálé, òfì ló wá mú!”

Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa máa ń rò pé àwọn láṣọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú pa òwe rẹ̀ fún wọn: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àpótí mẹ́ta tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, tó kún fún káńfọ̀, àkísà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Apá bùbá wà, ọrùn aṣọ wà, etí ìró tí eku jẹ. Kì í jù wọ́n nù. Ó máa ń mú ìkan jáde, á gbé e lé aṣọ tuntun, á wò ó, á dá a padà. Ibẹ̀ ló ti ń fa nǹkan yọ tí gbogbo wa fi ń lanu sílẹ̀.

Èyí ló wá bí ìjà àǹkó.

Ìyá Onílé ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó mú léèsì aláwọ̀ ọsàn wá, gèlè góòlù, ó dá owó lé e, ó sì pàṣẹ: bùbá ọlọ́wọ́ gígùn, ìró dé kókósẹ̀, gèlè alágbékarí, gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ jọra, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ju ara rẹ̀ lọ. Ojú Màmá ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Màmá ló kọ́kọ́ sanwó. Tẹ́lẹ̀ náà, kì í jẹ gbèsè aṣọ ẹbí. Ó ní ẹni tí ò bá bá ẹbí ra aṣọ, ẹbí ò ní bá a sin òkú.

Ó wá mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Télọ̀. Bàbá Télọ̀ na kátálọ́ọ̀gù sí i, Màmá fi í jókòó. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn léèsì padà sí iwájú, ibi tí òwú ti gbòòrò tí kò dán, ó fa ìlà sí i. Ó ní kó gé ọwọ́ bùbá náà kúrò níbi ìgbọ̀nwọ́, kó wá jẹ́ kó fẹ̀ jáde. Ó tú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó mú Ìbàdàndùn jáde, ó ní kó fi tẹ́ inú rẹ̀. Bàbá Télọ̀ sọ fún mi pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n nígbà tí òun gbé sísọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ pé. Ẹ wá wo ọsàn! Gbọ̀ngàn kún fún ọsàn. Àwa tí a jọ ń gbélé kò mọ ara wa mọ́. Onígángan wọlé, ó lọ dúró níwájú ẹnìkan, ó ń kì í ní ìyá ìyàwó, ìyá ìyàwó. Obìnrin náà ń mi orí, ó ń gba owó. Ìyá ayálégbé ìsàlẹ̀ ilé ni! Nígbà tí onílù máa rí ìyá ìyàwó gangan, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Kamẹ́rà náà ń ṣìnà kiri.

Ìgbà náà ni Màmá wọlé. Ọsàn náà ló wọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀, òpó Màpó ń yọjú nínú ihò léèsì lábẹ́ ọsàn, wọ́n á yọ, wọ́n á tún wọlé. Gèlè góòlù náà, kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní alágbékarí. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi wé e, ó rọra jókòó sí iwájú orí rẹ̀ bíi tàwọn ìyá ìgbà ìyá rẹ̀. Gèlè ò dùn bí i ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bí i kó yẹni. Ó mọ̀ ọ́n wé, ó sì yẹ ẹ́. Onígángan ò bi ẹnikẹ́ni léèrè tó fi kọjú sí i.

Ìyá Onílé wá bá a lórí àga, ó kúnlẹ̀ o, torí àgbà ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò kúnlẹ̀. “Ẹ̀yin Màmá, a ti ní ká jọra!”

Màmá nu mọ́ínmọ́ín kúrò lẹ́nu. Ó ní, “Owó ẹbí ni mo san, aṣọ ẹbí ni mo wọ̀. Àbí ẹ rí àwọ̀ mìíràn lókè ni? Ẹbí la jọ jẹ́, a ò jọ jẹ́ ìbejì.” Ó wá tọ́ka sí mi, èmi tí mo kàn jókòó síbẹ̀ lásán. “Ẹ tiẹ̀ bi Ìyá Ìbejì. Ìgbà wo ni Táíwò ti wọ ohun tí Kẹ́hìndé wọ̀ gbẹ̀yìn?” Òótọ́ sì ni. Látìgbà tí wọ́n ti mọ dígí ni àwọn ọmọ mi ti kọ̀ ọ́.

Ẹ sún mọ́ mi níbi tó kù yìí, ẹ má jẹ́ kó débòmíràn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ń pọnmi. Mo rí Ìyá Onílé tó fi ìborùn bojú, ó gbé ọ̀rá dání, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀. Àdìrẹ ló wà nínú ọ̀rá. Mo gbọ́ tó sọ pé, “Irú ti Màmá gẹ́lẹ́.” Gẹ́lẹ́ ló wí! Mo sáré lọ sọ fún Màmá, mo rò pé á bínú. Ó ní kí Bàbá Télọ̀ rán an kó dára, kó sì sọ fún Ìyá Onílé kó má gbàgbé àtikọ́kọ́ fọ àdìrẹ náà dáadáa kí ó má baà ṣí àwọ̀ sí léèsì lára. Ó ní ní tòun, òun ti fi irú ìyẹn sílẹ̀. Ẹtù wà lórí itan rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, apá bùbá àtijọ́ kan wà lórí ẹtù náà, ó ń wò ó.

Ọkàn mi wá ṣí. Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi ronú nǹkan tèmi náà, aṣọ tí gbogbo ayé máa rí tí wọ́n á ní Ìyá Ìbejì nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀.”

Ó wò mí látòkè délẹ̀ bó ṣe wo ìró Shade lọ́jọ́sí. Ó ní, “Ìwọ? Kí lo fẹ́ fi aṣọ ṣe? Kó o tó yọ sí kọ̀rọ̀ ilé la ti ń gbọ́ ọ. Ẹnu ẹ lo dá sọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó lè rán irú ẹ̀.”

Mo dúpẹ́. Mo délé ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ṣé ó yìn mí ni àbí ó bú mi. Bàbá Télọ̀ ní ìyìn ni. Ìyá Onílé ní èébú ni, àti pé ta ló ní kí n lọ sọ ọ̀rọ̀ àdìrẹ fún Màmá. Ẹ̀yin náà ẹ dá sí i, àmọ́ ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn Màmá ṣí sílẹ̀.